Oríkì ni mo fẹ́ fi ṣe ohùn ìpè sí fóònù ìyá mi, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ẹbúté | Sátidé, 7:42 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá mi ń ta ẹja ní Ẹbúté, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó. Fóònù Android kékeré ni wọ́n ń lò. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọn kì í rí orúkọ tó bá yọ lójú fóònù kà. Bí wọ́n bá ń ha ẹja lọ́wọ́, tí ìpẹ́ kún ọwọ́ wọn, tí fóònù wá dún, wíwò lásán ni wọ́n máa ń wò ó. Àwa ọmọ mẹ́rin, àwọn oníbàárà, àwọn tí wọ́n jẹ lówó, ohùn kan náà ni gbogbo wa ń bá dé etí wọn.

Èrò mi rèé: kí oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohùn ìpè tirẹ̀. Bí mo bá pè, kí fóònù máa ki Àyìnlá. Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá pè, kó ki Àbẹ̀kẹ́. Àwọn méjì tó kù ni Àjọkẹ́ àti Àlàó. Mo ti ní kí Ìyá fúnra wọn ki wá, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi voice note lórí WhatsApp. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́wọ́ mi. Mo kó o sórí láptọ́ọ̀pù, mo dáùnlóòdù Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé ohùn, mo ní kó ṣí i, ó yarí. Mo rí i pé .opus ló wà nídìí orúkọ fáìlì náà. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún mi o. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti ń lọ, iná ò sì tíì dé láti àná.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ | Sátidé, 7:55 alẹ́

Ọlọ́lá ọmọ! Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹ: tó o bá ń pe Ìyá lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo ẹlẹ́ja Ẹbúté á ti há oríkì ẹ sórí. Ọjọ́ tó o bá débẹ̀, wọ́n á fi kí ẹ káàbọ̀.

Tísà Kọ̀ǹpútà, Òdógunyàn | Sátidé, 8:10 alẹ́

Àbúrò, o ò ṣe ohun tí kò dáa. Bí WhatsApp ṣe ń tọ́jú ohùn nìyẹn. Ó máa ń fún un pọ̀ sí irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní Opus, kó má bàa jẹ dátà. Audacity tó bá ti pẹ́ díẹ̀ kì í lè dá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣí. Ó ní olùrànlọ́wọ́ kan tó ń jẹ́ FFmpeg tó yẹ kó o fi sórí láptọ́ọ̀pù ẹ. Kì í ṣe nǹkan tó o máa ṣí bí ẹni ṣí Word o. Abẹ́lẹ̀ ló máa ń wà, Audacity ló ń rán an níṣẹ́. Ojú òpó Audacity fúnra rẹ̀ ni kó o lọ, ìlànà rẹ̀ wà ní abala ìrànlọ́wọ́ wọn. Tó o bá ti fi sí i tán, pa Audacity, tún un ṣí, lọ sí Edit, Preferences, Libraries, wàá rí i bóyá wọ́n ti mọ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, fi máòsì wọ́ fáìlì náà, jù ú sínú Audacity. Ìgbì ohùn Ìyá á yọ sí ẹ lójú bí ehín ayùn.

Fáìlì .m4a, irú èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù fi ń gba ohùn sílẹ̀, FFmpeg yìí náà ló ń wá. WAV àti MP3 ni kì í yọ èèyàn lẹ́nu.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀fẹ́ ni Audacity. 1999 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e jáde fáráyé ní 2000, ọ̀fẹ́ náà ló ṣì jẹ́. Mo mọ ẹnìkan tó sanwó fún un ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́dún tó kọjá. Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé ayédèrú ni wọ́n fún un, ìpolówó ló ń yọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tọ̀sántòru.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó | Sátidé, 8:31 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe? Èmi ti ní orin ìyìn lórí nọ́ńbà tèmi tipẹ́. Message kan péré ni mo fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá pè mí, orin ló máa gbọ́. Owó kékeré ni wọ́n máa ń gé.

Atúnfóònùṣe Sábó | Sátidé, 8:40 alẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ilé o. Èyí tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, caller tune ni. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gbé, ìdí rèé tí wọ́n fi ń gé owó. Ẹni tó ń pè yín ló ń gbọ́ ọ, ẹ̀yin fúnra yín ò lè gbọ́ ọ. Ti Ọmọ Ẹbúté, inú fóònù ìyá rẹ̀ ló máa wà, ìyá rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó máa gé kọ́bọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó | Sátidé, 8:44 alẹ́

Áà! Ẹ wá sọ pé láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sanwó orin yìí, àwọn ẹlòmíì ni mo ń sanwó fún kí wọ́n máa gbádùn?

Atúnfóònùṣe Sábó | Sátidé, 8:47 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àánú ṣíṣe náà ni. Ẹ pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ wọn, ẹ ní ẹ ò fẹ́ mọ́.

Sísí Agric | Sátidé, 9:02 alẹ́

Mo ń ka tiyín bọ̀. Ìbéèrè kan: kí ló dé tí kò fi gé e lórí fóònù? Áàpù tó ń gé orin pọ̀ lọ jàra.

Tísà Kọ̀ǹpútà, Òdógunyàn | Sátidé, 9:20 alẹ́

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ orin lásán lo fẹ́ gé, áàpù á ṣe é. Ṣùgbọ́n oríkì kì í ṣe orin lásán. Ohùn èèyàn ni, èémí wà nínú rẹ̀, bí o bá sì fi ìka gé e lórí gíláàsì fóònù, wàá gé ọ̀rọ̀ dànù mọ́ ọn. Lórí láptọ́ọ̀pù, mo lè tẹ Ctrl àti 1 léraléra títí ìgbì yẹn á fi fẹ̀ tí n óò fi rí ibi tí "Àyìnlá" ti bẹ̀rẹ̀ gan-an àti ibi tí Ìyá ti mí. Ojú lo fi ń gé e, etí wá ń jẹ́rìí sí i. Ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan báyìí kì í padà sídìí áàpù.

Ọmọ Ẹbúté | Sọ́ńdè, 2:17 òru

Iná dé! Mi ò tíì sùn. FFmpeg ti wọlé, fáìlì ti ṣí, mo sì rí ehín ayùn yẹn pẹ̀lú ojú mi.

Wàhálà méjì ló kù. Èkíní, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan ń dún lẹ́yìn ohùn Ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èkejì, ẹ má rẹ́rìn-ín: Ìyá ń ki mi lọ báyìí pé "Àyìnlá ọkọ mi, ọmọ tí mo bí lójò, tí ẹja fò wọ agbọ̀n", oníbàárà kan wá yọjú, ó ní "Eélòó lèyí?", Ìyá sì dá a lóhùn láìmí pé "Gbé owó wá ná, kì í ṣe ti àná", wọ́n wá padà sórí oríkì pé "ọmọ ẹlẹ́ja tí kì í fi ẹja àná lé àlejò lọ́wọ́". Ohùn kan náà ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Ó gba kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ èyí tó jẹ́ oríkì nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ | Sọ́ńdè, 6:30 àárọ̀

Tó o bá yọ oníbàárà yẹn kúrò, ìwọ àti èmi ò ní mọ ara wa mọ́. Apá tó dùn jù nìyẹn.

Tísà Kọ̀ǹpútà, Òdógunyàn | Sọ́ńdè, 1:15 ọ̀sán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Yọ oníbàárà kúrò, má dá Ìjẹ̀dẹ́ lóhùn.

Jẹnẹrétọ̀ ni ká kọ́kọ́ mú. Wá ibi tí Ìyá ti dákẹ́ tó jẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ló kù, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi máòsì fà á, lọ sí Effect, wá Noise Reduction, tẹ Get Noise Profile. Ohun tó o ń sọ fún un ni pé, "wo ẹni yìí dáadáa, òun ni olè". Lẹ́yìn náà, Ctrl àti A láti mú gbogbo rẹ̀, padà sí Noise Reduction, tẹ OK. Àmọ́ gbọ́ o: má jẹ́ kí nọ́ńbà dB (ìwọ̀n agbára ohùn) tó wà níbẹ̀ ga jù. Fi í sí 6 tàbí 8. Bó o bá jẹ́ kó gba gbogbo ariwo tán, ohùn Ìyá náà á dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò omi. Jẹnẹrétọ̀ díẹ̀ kò burú, Ìkòròdú ṣá la wà.

Ti oníbàárà: fa láti ìgbà tó sọ "Eélòó" títí dé ibi tí Ìyá ti fẹ́ẹ́ padà sórí oríkì. Tẹ Z. Z yìí máa ń sún ìgé ẹ sí ibi tí ìgbì ti kan ilà àárín, kó má bàa dún "pá" níbi tó o ti so ó pọ̀. Wá tẹ Delete. Tó o bá gbọ́ ọ tó dà bí ẹni pé wọ́n fọ́ ọ lẹ́nu, undo, kó o fi èémí kan sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Èémí ló ń jẹ́ kí etí gbà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, High-Pass Filter, tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ dànù, ní nǹkan bí 200 Hz, nítorí agbọ̀rọ̀sọ fóònù kékeré ò lè gbé ìsàlẹ̀ yẹn jáde rárá, agbára rẹ̀ ló kàn ń fi ṣòfò. Compressor tẹ̀ lé e, kí ibi tí Ìyá ti rẹ ohùn sílẹ̀ lè súnmọ́ ibi tí wọ́n ti gbé e sókè. Normalize sí -1 dB, tó ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè, ló gbẹ̀yìn. Ọjà ni fóònù yẹn ti máa dún, kì í ṣe yàrá.

Ọmọ Àyàn, Ìmọ́tà | Sọ́ńdè, 4:03 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí Tísà sọ yìí ló jẹ́ kí n dá sí i. Ó jẹ mí níyà lọ́dún tó kọjá.

Ìlù ni mo fẹ́ fi ṣe ohùn ìpè fún Bàbá mi. Mo gba ìyá ìlù sílẹ̀, mo ní kó sọ pé "Bàbá ń bọ̀". Lórí láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú agbọ̀rọ̀sọ ńlá, ó dún geere, dò mí mí dò. Mo gbé e sínú fóònù, mo pè é. "Bá ń" nìkan ni mo gbọ́. "Bà" ìbẹ̀rẹ̀ àti "bọ̀" ìparí ti rì. Bàbá mi, onílù ni wọ́n o, wọ́n gbé fóònù náà sétí, wọ́n ní, "Ta ló ń kólòlò?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn ìsàlẹ̀ ìyá ìlù jìn gan-an, agbọ̀rọ̀sọ fóònù ò sì tó ìka méjì. Ohùn èèyàn sàn díẹ̀, torí pé bí ìdí rẹ̀ bá tiẹ̀ rì, àwọn ìró òkè tó wà lórí rẹ̀ ṣì ń sọ fún etí pé ìsàlẹ̀ ni. Ti ìlù kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú kí n fi Filter Curve gbé ìsàlẹ̀ sókè, ṣe ló wá ń gbọ̀n bíi kòkòrò.

Ohun tó yọ mí ni Change Pitch. Mo gbé gbogbo ìlù náà sókè ní semitone (ìgbésẹ̀ kékeré nínú ìró orin) márùn-ún. Àlàfo tó wà láàárín dò àti mí kò yí padà, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ kò yí padà, gbogbo rẹ̀ kàn gun òkè díẹ̀ ni. "Bàbá ń bọ̀" wá jáde pé pérépéré. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Èyí yé mi, àmọ́ ìlù ọmọdé nìyí." Lóòótọ́, ó ti dà bíi gángan. Ká ní mo mọ̀, gángan ni mi ò bá kúkú lù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ | Sọ́ńdè, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Èmi ti rí tèmi. Mo fẹ́ gba ohùn Orò sílẹ̀, kí n fi ṣe ohùn ìpè. Ọjọ́ tí mo bá wà nínú dáńfó tó kún, kí ẹnìkan kàn pè mí...

Àgbà Ìsẹ̀lẹ̀ | Sọ́ńdè, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́, pa ẹnu ẹ mọ́ níbẹ̀ yẹn. Ìkòròdú lo ti ń sọ bẹ́ẹ̀? Níbi tí obìnrin ti ń wọlé tí wọ́n ń tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Orò? O fẹ́ kó dún láàárín ọjà lọ́sàn-án gangan, kí àwọn ìyá ọlọ́jà máa fi igbá sílẹ̀ sá? Nǹkan wà tí a kì í gbé sínú àpò ṣòkòtò.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ | Sọ́ńdè, 4:55 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú, Bàbá. Eré ni mo ń ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀.

Àgbà Ìsẹ̀lẹ̀ | Sọ́ńdè, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ó ti tán. Dìde.

Ẹ̀yin ọmọdé tiẹ̀ ń gbádùn. Nígbà tí GSM dé orílẹ̀-èdè yìí ní 2001, Nokia 3310 ni mo kọ́kọ́ ní. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Composer. Bọ́tìnnì 1 dé 7 ni dò, rè, mí títí lọ, èèyàn á máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan ṣoṣo ló lè dún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ìlù, kò sí ègbè. Mo jókòó ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ kan, mo fi dò àti rè àti mí kọ orúkọ mi sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílù ṣe máa lù ú. Kò sí ẹni tó dá a mọ̀ àfi ìyàwó mi. Bó bá ti dún, á ní, "Wọ́n ń pè ọ́ o." Mo ní, "Mo gbọ́, orúkọ mi ló sọ."

Kódà orin tí Nokia fi ń dún yẹn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, kì í ṣe Nokia ló kọ ọ́. Ará Sípéènì kan tó ń jẹ́ Francisco Tárrega, onígìtá, ló kọ ọ́ sínú orin rẹ̀ kan ní 1902. Díẹ̀ ni wọ́n gé níbẹ̀. Nítorí náà, gígé orin sí fóònù ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Sísí Agric | Sọ́ńdè, 6:38 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ìtàn yìí dùn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń lo iPhone ńkọ́? Ohùn ọmọ mi tó ń rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ fi sí tèmi. Wọ́n ní m4r, irú fáìlì tí iPhone ń lò fún ohùn ìpè, ni kí n yí fáìlì sí. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà lórí Windows láti .m4a sí .m4r, síbẹ̀ iTunes, ètò tí wọ́n fi ń kó nǹkan sínú iPhone, ò gbà pé ohùn ìpè ni.

Tísà Kọ̀ǹpútà, Òdógunyàn | Sọ́ńdè, 7:05 alẹ́

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé "erin.m4r.m4a" lorúkọ fáìlì ẹ ń jẹ́ báyìí. Windows máa ń fi ìdí orúkọ fáìlì pamọ́. Ṣí fódà náà, lọ sí View, fi àmì sí File name extensions, wàá rí i. Pa .m4a tó wà lẹ́yìn yẹn rẹ́.

Má jẹ́ kó kọjá 40 sẹ́kọ́ńdì, torí iTunes ò ní gbà á bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀. So fóònù mọ́ ọn, fi máòsì wọ́ fáìlì náà lọ sórí orúkọ fóònù ẹ tó wà lápá òsì nínú iTunes. Láti 2017 ni wọ́n ti yọ ibi tí wọ́n ń kó ohùn ìpè sí tẹ́lẹ̀ kúrò nínú iTunes, ìdí nìyẹn tí àlàyé àtijọ́ fi ń ṣi èèyàn lọ́nà. Tó bá jẹ́ Mac tuntun lo ń lò, Finder, ibi tí Mac ti ń ṣí fáìlì, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí, kò sí iTunes níbẹ̀ mọ́ láti 2019.

Sísí Agric | Sọ́ńdè, 7:22 alẹ́

Erin.m4r.m4a ni lóòótọ́! Àjẹ́ ni Tísà.

Ọmọ Ẹbúté | Mọ́ńdè, 9:14 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ àná o. Oríkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣe tán. Mo gé e, mo fi Fade In kékeré sí ìbẹ̀rẹ̀, mo kó wọn jáde ní MP3. Ti Àbẹ̀kẹ́ ló gùn jù, 28 sẹ́kọ́ńdì, torí òun ni àkọ́bí, Ìyá ò sì mọ ibi tí wọ́n máa dákẹ́ sí.

Mo wá gba fóònù Ìyá, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ó ń jẹ iná, àmì bátìrì ń dún, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ò rí i rárá. Mo ti pa á tàn lẹ́ẹ̀mẹta.

Atúnfóònùṣe Sábó | Mọ́ńdè, 9:30 alẹ́

Kọ́ọ̀dù wo lo lò?

Ọmọ Ẹbúté | Mọ́ńdè, 9:33 alẹ́

Èyí tí Ìyá fi ń ṣaájì. Ọwọ́ ẹnìkan tó ń kiri nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Ọ̀gọ̀lọ̀ńtọ̀ ni mo ti rà á.

Atúnfóònùṣe Sábó | Mọ́ńdè, 9:41 alẹ́

Mo ti mọ̀. Wáyà méjì ló wà nínú irú ẹ̀, ti iná nìkan. Wáyà tó ń gbé fáìlì ò sí nínú rẹ̀. Mo ti la púpọ̀ wò nínú wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Wá kọ́ọ̀dù tó bá fóònù wá nínú páálí, tàbí kó o yá ti ẹlòmíì. Tó o bá ti so ó, fa ojú fóònù wálẹ̀ láti òkè, wàá rí ibi tó kọ ọ́ pé ó kàn ń ṣaájì ni. Tẹ̀ ẹ́, yan File transfer. Fódà Ringtones ni kó o kó wọn sí, má kó wọn sí Music. Bí fóònù ò bá tètè rí wọn, pa á, tún un tàn.

Ọmọ Ẹbúté | Túsìdeè, 8:05 alẹ́

Kọ́ọ̀dù ni lóòótọ́. Mo yá ti aládùúgbò mi (ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀, ẹ wo ayé). Fáìlì ti wọlé. Mo ṣí orúkọ mi nínú fóònù Ìyá kí n lè yan ohùn ìpè fún un. Kò sí ibi tí mo ti lè yan án. Mo wá a tì.

Atúnfóònùṣe Sábó | Túsìdeè, 8:19 alẹ́

Orí SIM ni wọ́n tọ́jú nọ́ńbà yín sí. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ṣe bẹ́ẹ̀, kí nọ́ńbà má bàa sọnù bí fóònù bá bàjẹ́. Orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ni SIM ń gbé, kò ní àyè fún ohùn ìpè. Kó ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lórí SIM sórí fóònù, tàbí sórí àkáǹtì Google wọn, Set ringtone á yọ jáde.

Ìpè WhatsApp ò sí lára èyí o. Inú WhatsApp fúnra rẹ̀ ni wàá ti ṣe tiyẹn: ṣí orúkọ ẹni náà, lọ sí Notifications.

Tísà Kọ̀ǹpútà, Òdógunyàn | Túsìdeè, 8:40 alẹ́

Àfikún kékeré fún Ọmọ Àyàn. Bí MP3 bá dún tán tó ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀. Nínú oríkì, àyè èémí nìyẹn, kò burú. Nínú ìlù, á gé ẹsẹ̀ ijó. OGG, irú fáìlì ohùn mìíràn, ni kó o fi kó ìlù jáde, kó o sì kọ ANDROID_LOOP sínú Metadata Editor (ibi tí Audacity ti ń kọ àlàyé mọ́ fáìlì), kí ohun tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ true. Android á máa yí i po láìdákẹ́. Má fi irú ẹ̀ ṣe ohùn message o. Mo ṣe é rí. Kò dákẹ́ mọ́ títí mo fi gbé fóònù náà.

Ọmọ Ẹbúté | Wẹ́sìdeè, 1:48 ọ̀sán

Ó ti ṣiṣẹ́!!! Ibi iṣẹ́ ni mo ti pe Ìyá. Ó dún títí ó fi já. Mo tún pè, ó tún já. Àyà mi ti ń já. Mo pe ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní ṣé kò sí o. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá ẹ jókòó síbí, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń mirí."

Ó gbé fóònù tirẹ̀ fún wọn. Mo ní, "Mọ́ọ̀mì, kí ló dé tẹ́ ò gbé e?" Wọ́n ní, "Ṣé oríkì ni èèyàn ń dá dúró láàárín? Jẹ́ kó parí ná."

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ | Wẹ́sìdeè, 1:52 ọ̀sán

Mo kú o.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó | Wẹ́sìdeè, 2:10 ọ̀sán

Ìyá yẹn gbọ́n. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Tísà Kọ̀ǹpútà, Òdógunyàn | Wẹ́sìdeè, 2:34 ọ̀sán

Gé e kúrú. Fi "Àyìnlá ọkọ mi, ọmọ tí mo bí lójò" nìkan sílẹ̀, sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà. Á parí kí wọ́n tó jókòó tì í.

Ọmọ Ẹbúté | Wẹ́sìdeè, 9:26 alẹ́

Mo dá a lábàá fún wọn. Wọ́n ní kí n gé tèmi bó bá wù mí, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan ti Àbẹ̀kẹ́. Mo ti gé tèmi. Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan péré tí mo pè nírọ̀lẹ́ yìí.

Wọ́n tún ní iṣẹ́ kan fún mi. Ẹnìkan wà tó ń gbé ẹja tútù fún wọn ní àwìn, owó rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ títí di ìparí oṣù. Wọ́n ní nígbà tí mo ti lè jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, ṣé mi ò lè jẹ́ kí ẹni yẹn má ní ohùn rárá?

Atúnfóònùṣe Sábó | Wẹ́sìdeè, 9:31 alẹ́

Ó ṣeé ṣe. Ibi kan náà tó o ti yan oríkì, None ló wà lókè pátápátá. Àmọ́ kó o kọ́kọ́ kó òun náà kúrò lórí SIM.